Mo Buwọ́ Lu Rẹ́gúlétọ̀ Tí Abẹ́rẹ́ Rẹ̀ Ò Dúró

Kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè yẹn tó lù, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dáa nínú rẹ́gúlétọ̀ méjì, kí Bọ̀dá Ìdòwú lè gbé e sẹ́nu wọ ìsàlẹ̀ omi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rẹ́gúlétọ̀ orí gáàsì ìdáná yín nìkan lẹ mọ̀. Èyí tí mò ń wí yìí, àwọn tó ń wọ abẹ́ omi ló ń lò ó. Wọ́n á gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn. Orí rẹ́gúlétọ̀ á wà lórí sìlíńdà, rọ́bà gígùn á so orí yẹn mọ́ ẹnu ẹ̀, wọ́n á wá há ẹnu ọ̀hún sáàárín eyín wọn. Tí wọ́n bá mí sínú, ó gbọ́dọ̀ fún wọn ní afẹ́fẹ́. Tí wọn ò bá mí sínú, ó gbọ́dọ̀ pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Kò ní iṣẹ́ míì láyé.

Èmi náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é fún yín.

Monílọ́lá ni mí. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níléèwé girama kí èmi àti ìwé tó jọ gbà pé ká máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alájà Sherifat, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń gbé Àkúrẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ló fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Gáàsì ìdáná la fi bẹ̀rẹ̀, a bọ́ sórí gáàsì àwọn wẹ́dà, nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó ń wọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn náà wá. Ọdún mẹ́rin gbáko. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, oṣù kẹjọ nìyẹn tí mo gba fíríìdọ̀mù, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan l'Ọ̀bà-Ilé.

Ilé iṣẹ́ omi kan wà lẹ́yìn ìlú Oǹdó tó ní adágún tiẹ̀. Koríko àti ọ̀rá náílọ̀n ti di ẹnu páìpù tó ń fa omi nísàlẹ̀ adágún náà. Bọ̀dá Ìdòwú, ọmọ Ìlàjẹ tó ń bá wọn wọ omi, fẹ́ lọ kó o kúrò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àfi gbàù! Rọ́bà rẹ́gúlétọ̀ wọn bẹ́ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà Akíntóyè, ọ̀gá ibẹ̀, pè mí lórí fóònù.

"Monílọ́lá, màṣíìnì ti dúró láti àná. Èèyàn méjì ló máa gbé rẹ́gúlétọ̀ wá fún ẹ. Alájà ní tokunbọ̀ kan, Ayọ̀kúnlé ní tuntun kan. Yẹ méjèèjì wò, kọ ọ́ sílẹ̀, sáìn ín, kó o mú èyí tó bá yege wá kó tó di aago méjì. Ìwé ni mo fẹ́ o. Mi ò fẹ́ ẹnu lásán."

Alájà ti fi tokunbọ̀ tiwọn ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Wọ́n pè mí náà, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ju ìlà méjì lọ: "Yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe kọ́ ẹ. Tí tèmi ò bá dáa, sọ pé kò dáa, mi ò ní bá ẹ jà."

Ayọ̀kúnlé ò fi tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni. Fúnra ẹ̀ ló gbé e wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Ayọ̀kúnlé dáadáa. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó ga, eyín ẹ̀ funfun bí àgbọn, awò dúdú ò kúrò lójú ẹ̀, kódà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ní fèrèsé. Oṣù mẹ́ta ló ti ń wá kí mi. Gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò ń pè mí ní "onígáàsì". Òun nìkan ló ń pè mí ní "Ẹnjiníà". Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, màá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiwa ò jọ tàwọn ẹlòmíì. Kò sọ pé òun máa gbé mi lọ sókè òkun. Sáìnbọ́ọ̀dù ló ṣèlérí fún mi.

"Alágbàká l'Àkúrẹ́ ló máa wà," ló máa ń sọ, á na ọwọ́ sókè bíi pé ó ń kà á lójú ọ̀run. "Búlúù àti funfun. 'Ẹnjiníà Monílọ́lá àti Ọ̀rẹ́.' Iná á máa tàn nínú ẹ̀."

Mi ò bi í pé iṣẹ́ wo ni Ọ̀rẹ́ máa máa ṣe. Iná tó ń tàn yẹn ni mò ń rò.

Ó gbé páálí kalẹ̀, ó ṣí i bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ìyàwó. Ọlọ́run, rẹ́gúlétọ̀ yẹn rẹwà! Búlúù, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, rọ́bà ẹ̀ ń dán. Mo gbé tokunbọ̀ Alájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Dúdú ni, ó ti họ, ojú ibi tí eyín òyìnbó kan ti há a mọ́lẹ̀ ṣì wà lára rọ́bà ẹnu ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá mú arúgbó láti oko Ipogun wá jókòó ti ìyàwó ojú ọ̀nà.

Ayọ̀kúnlé tún yọ ìwé kan. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní kọ̀ǹpútà, àwọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bò ó.

"Ìwé àyẹ̀wò ẹ nìyí. Mo ti bá ẹ ṣe é. Sáìn níbí, Ẹnjiníà."

"Ayọ̀, mi ò tíì yẹ nǹkan kan wò."

"Ìwọ ṣá kà á ná."

Mo kà á. Ìrísí: tuntun gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, tokunbọ̀ gba méjì. Àwọ̀: mẹ́wàá, ẹyọ kan. Bó ṣe fúyẹ́ tó: mẹ́sàn-án, mẹ́rin. Páálí: mẹ́wàá, òdo. Ẹ gbọ́ o, wọ́n fún páálí ní máàkì! Bóyá inú páálí ni Bọ̀dá Ìdòwú máa jókòó sí lábẹ́ omi, mi ò mọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti kọ "Mímí". Ó ti fún tiẹ̀ ní mẹ́wàá níbẹ̀ náà. Mẹ́ta ló fún ti Alájà.

"Jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná," ni mo wí.

"Yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló dì ẹ́ mú?" Ó jókòó sórí sìlíńdà mi, ó ń fi fóònù ya ara ẹ̀ ní fọ́tò.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni Alájà kọ́ mi. Kò gba ìwé ńlá.

Àkọ́kọ́, ẹ má ì tíì ṣí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ẹnu rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, kẹ́ ẹ fà á bí ẹni ń mu ọsàn. Nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti rí ọ̀nà wọlé, omi náà mọ ibẹ̀. Mo fa ti Alájà, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu típẹ́. Mo fa tuntun, mo gbọ́ fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń súfèé ní kọ̀rọ̀.

Ìkejì, ẹ ṣí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ dojú ẹnu ẹ̀ kọ òkè, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bọnú abọ́ omi. Kò gbọ́dọ̀ rì ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ tó fi máa hó. Ti Alájà ò tíì rì tó ìka kan tó fi dáhùn. Tuntun ń rì, mò ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rì, omi dé mi lọ́rùn ọwọ́, kó tó wá rántí pé iṣẹ́ wà lọ́rùn òun. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ìkẹta ni géèjì. Abẹ́rẹ́ á gòkè, á dúró. Tí kò bá dúró, tó ń rákò lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ nínú orí rẹ́gúlétọ̀ ò dí i dáadáa nìyẹn. Bó pẹ́, bó yá, ẹnu á máa tu afẹ́fẹ́ dànù, kò ní dúró de ẹni tó fẹ́ mí in.

Abẹ́rẹ́ ti Alájà dúró lórí mẹ́sàn-án bíi sójà tí ọ̀gá ń wò. Abẹ́rẹ́ tuntun kàn án ní mẹ́sàn-án, ó rákò dé mẹ́wàá, ó dé mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti wà lórí mẹ́tàlá, ó ṣì ń lọ.

Alájà ò mọ̀wé, nítorí náà wọ́n ní òfin kan tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn mọ̀ bí orúkọ ara wọn: "Kó o tó lanu sọ̀rọ̀, ya àwòrán abẹ́rẹ́." Ẹ ya róbótó, ẹ fa ìlà síbi tó kọ́kọ́ dúró, ẹ fa ìlà kejì síbi tó dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, màá yà á. Mo fa nóòtù mi yọ, mo ya méjèèjì. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ayọ̀," ni mo wí, "abẹ́rẹ́ ẹ ò dúró o."

Kò tiẹ̀ yọ awò ojú ẹ̀. "Tuntun ni. Bàtà tuntun kì í ta ẹsẹ̀ ni? Tó o bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kì í rọ̀?"

"Ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé níbi tí kò yẹ."

"Ẹnjiníà." Ó dìde, ó rọra di ọwọ́ mi tó ṣì ń kán omi mú. "Ẹnjiníà mi. Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá ti gba ọjà mi, wọ́n á gba mẹ́fà sí i. Ọwọ́ wa ni gbogbo ẹ̀ á máa gbà. Ìgbà yẹn ni sáìnbọ́ọ̀dù máa dúró. Ṣé tìtorí abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi wà nínú ihò yìí títí wàá fi darúgbó, bíi Alájà?"

Mo wo ṣọ́ọ̀bù mi. Lóòótọ́, ihò ni.

Mo gba máákà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sáìn.

Ẹ má ṣe ṣàánú mi rárá. Ẹni tí wọ́n fi ọtí yó, a lè ní ọtí ni. Èmi, ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá bò àti ọ̀rọ̀ "Ẹnjiníà" ló pa mí bí ọtí.

Ọkọ̀ Ayọ̀kúnlé la gbé lọ sí Oǹdó. Tuntun wà lórí itan mi bí ọmọ tuntun. Tokunbọ̀ Alájà wà nínú bùùtù lábẹ́ jáàkì.

A bá Alájà níbẹ̀. Wọ́n ti lọ wo irin àlòkù kan nínú ìlú láàárọ̀, wọ́n wá ya ibi adágún láti gbé tokunbọ̀ wọn padà bí wọn ò bá mú un. Bọ̀dá Ìdòwú ti jókòó sórí òkúta létí omi, ṣòkòtò péńpé nìdí wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Oyin mọmọ o!" ni wọ́n fi kí mi ní èdè Ìlàjẹ. "Onígáàsì wa, èwo ni mo máa fẹ́ nínú àwọn ọmọge méjèèjì?"

Ẹnjiníà Akíntóyè gba ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ọwọ́ pa ọ̀rá ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwé rèé! Ìwé tó lámì! Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ tó mọṣẹ́." Mi ò rò pé wọ́n ka ìlà kejì.

Alájà ò lè kà á. Wọ́n fi ẹnu súfèé pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń gbálẹ̀ fún wọn.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Monílọ́lá?"

"Wọ́n... mo mú tuntun, Alájà."

"Kò burú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ wò ó, ìbéèrè kan ṣoṣo. Nínú gbogbo àwọ̀ àti páálí àti máàkì, ìbéèrè kan ṣoṣo tó nítumọ̀ nìyẹn, obìnrin tí kò kàwé ló sì bi mí.

"Ó dúró, Alájà."

Wọ́n mi orí. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, ó ti parí." Wọ́n kàn ní kí n gbé tokunbọ̀ tiwọn jáde nínú bùùtù, kó wà nítòsí.

Ẹnjiníà Akíntóyè gbọ́. "Rárá o, Alájà, ẹ má gbé ìyẹn súnmọ́ omi mi. Ohun tí ẹnì kan ti lò nílùú òyìnbó! Ta ló mọ̀ bóyá inú omi ló kú sí?"

"Ẹnjiníà," ni Alájà wí, "ẹni tó kọ́kọ́ ni mọ́tò tẹ́ ẹ gbé wá síbí, ṣé ó ṣì wà láyé? Ẹ sì ń jókòó sórí ìjókòó ẹ̀."

Bọ̀dá Ìdòwú rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há wọn lọ́fun.

Nílé iṣẹ́ yẹn, ohun tuntun kankan kì í wọ omi láìjẹ́ pé wọ́n yà á sí mímọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún bùrọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ Adépọ̀jù ti dúró, ìgò òróró wà lápò wọn. Wọ́n gbàdúrà fún rẹ́gúlétọ̀ tuntun, wọ́n dárúkọ gbogbo apá ara ẹ̀ tí wọ́n lè fojú rí, wọ́n sì da òróró sí rọ́bà ẹ̀. Wọ́n tún da díẹ̀ sí ẹnu ẹ̀, "kí afẹ́fẹ́ ìyè lè máa tibẹ̀ jáde." Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi ni àmín mi dún jù, nítorí èmi nìkan ló mọ bí rẹ́gúlétọ̀ yẹn ṣe nílò iṣẹ́ ìyanu tó.

Wọ́n so ó mọ́ sìlíńdà. Wọ́n ṣí i. Ó ń ṣe sìì, sìì, díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ̀," ni Bọ̀dá Ìdòwú wí.

"Ó ń kí yín ni!" Ayọ̀kúnlé dáhùn, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Mo sún mọ́ ọn, mo tẹ bọ́tìnì iwájú ẹ̀, ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìṣẹ́jú tó máa gbà á pàápàá, inú nóòtù mi ló wà.

Bọ̀dá Ìdòwú gbé e sẹ́nu, wọ́n yọ ọ́. "Ó ń rùn bíi mọ́ín-mọ́ín." Wọ́n wá wò mí, ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Àbúrò mi, ìwọ fúnra ẹ lo yẹ èyí wò?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń lọ sísàlẹ̀, ṣé wàá gbé e sẹ́nu?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí ẹ̀rín yẹn jì mí. "Bọ̀dá Ìdòwú, èmi ò mọ omi wẹ̀ o."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí, òṣìṣẹ́ méjì di ìdí okùn mú, wọ́n sì wọ omi lọ.

Ìṣẹ́jú kìíní, omi ń ru fọ́fọ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń mí nìyẹn. Ìṣẹ́jú kejì, bákan náà. Ayọ̀kúnlé fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ṣé o rí i? Bàtà tuntun."

Láàárín ìṣẹ́jú kẹrin, omi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò tó wà lórí iná igi. Ó hó, ó hó, kò dánu dúró. Ọmọ tó bá ń ṣeré lè rò pé ẹja ńlá ló wà níbẹ̀. Èmi mọ ohun tó jẹ́. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ló ń tú dànù lẹ́nu wọn, tí wọn ò rí èyí tí wọ́n lè fi mí.

Okùn já lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́. Èkejì kígbe: "Wọ́n ń fà! Bọ̀dá ń fa okùn!"

"Ẹ fà wọ́n jáde!" Èmi ni mo pariwo yẹn. Ohùn mi ò jọ tèmi.

Bọ̀dá Ìdòwú ò dúró de okùn. Wọ́n ti tu ohun ẹnu wọn dànù, wọ́n sì ta láti ìsàlẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Orí wọn yọ, wọ́n pọ omi, wọ́n tún pọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ wọn dé ilẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí etí òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka wọn jáde; bí wọ́n ṣe ta sókè lójijì ti ya awọ etí wọn.

Ká má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe "Bọ̀dá Ìdòwú." Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni "Òróró."

Mo sì sọ ọ́ síta. "Òróró ni! Òróró ti wọnú ẹ̀!"

Ayọ̀kúnlé gbà á lẹ́nu mi bí ẹni gba bọ́ọ̀lù. "Ẹ gbọ́! Ta ló ń da òróró sí ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ tó péye, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wà!"

Gbogbo ojú yí sí Pásítọ̀ Adépọ̀jù. Ìgò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ènìyàn ńlá ni wọ́n, àmọ́ lójú mi, wọ́n rọ bí ewé tí oòrùn pa. "Mi ò mọ̀," ni wọ́n ń wí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀." Ẹnjiníà Akíntóyè tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló pè wọ́n wá ti ń na ìka sí wọn nímú.

Mo dúró síbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bú ìránṣẹ́ Ọlọ́run.

Alájà Sherifat ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi gèlè tiwọn di etí Bọ̀dá Ìdòwú. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní omi ọṣẹ nínú báfù. Wọ́n fọ ẹnu rẹ́gúlétọ̀ náà mọ́ féfé, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e lọ sórí sìlíńdà kejì, wọ́n sì so géèjì mọ́ orí ẹ̀.

"Òróró ò gun rọ́bà lọ sínú orí," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká bi abẹ́rẹ́ léèrè."

Gbogbo wa yí géèjì ká. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Méjìlá.

"Ó lè jẹ́ inú omi ló ti bàjẹ́," ni Ayọ̀kúnlé wí. "Láàárọ̀, dáadáa ló wà. Ẹ bi Monílọ́lá."

Alájà ò bi mí. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Mú nóòtù ẹ wá."

"Alájà..."

"Mo kọ́ ẹ ní òfin kan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀, ohun yòówù kí ẹnu ẹ sọ. Mú un wá."

Mo mú un wá. Wọ́n ṣí i dé ibi tó gbẹ̀yìn. Róbótó méjì. Nínú ọ̀kan, ìlà méjèèjì wà lórí ara wọn. Nínú èkejì, ìlà kan wà ní mẹ́sàn-án, ìlà kan wà ní mẹ́tàlá, mo sì ti ya búlúù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó má bàa dàrú mọ́ mi lójú. Wọ́n gbé e fún Pásítọ̀ Adépọ̀jù.

"Ẹ bá mi ka aago tó wà níbẹ̀, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ nu ojú wọn. "Mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òní."

"Aago mélòó lẹ da òróró?"

"Ó ti kọjá méjì."

Alájà pa nóòtù dé. "Ẹ gbé ìgò yín sápò, ẹ má sunkún mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ayọ̀kúnlé ti sún sẹ́yìn níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta. "Ẹ̀yin náà ẹ wo ìwé o," ló wí. "Òun ló sáìn. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́. Òun ni ẹnjiníà."

Ìgbà ìkẹyìn tó pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Ìdòwú. Mò ń bẹ̀ wọ́n, ẹkún ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde dáadáa. Wọ́n wo ẹnu mi títí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, lóòótọ́ sì ni, wọn ò gbọ́. Wọ́n wá rọra sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, mo bi ẹ́ léèrè."

Wọ́n yí ojú sí omi.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Ìdòwú wá láti Igbókòdá. Ó gbé tokunbọ̀ Alájà sẹ́nu láìgbàdúrà sí i, pẹ̀lú ojú eyín òyìnbó tó wà lára ẹ̀, ó wọ omi, ó kó gbogbo koríko kúrò, ó sì jáde wá béèrè oúnjẹ. Kò pé wákàtí kan.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá wá fún yín ní orúkọ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹni tó fún yín lè gbà á padà níṣojú gbogbo èèyàn, kó sì tún fi na yín. Ohun tí ọwọ́ yín bá yà sínú nóòtù, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí rèé. Mo ti kó ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ̀bà-Ilé kúrò, mo padà sọ́dọ̀ Alájà. Mò ń gbálẹ̀, mò ń yẹ rẹ́gúlétọ̀ wò, àmọ́ Alájà ló ń tẹ ìka síwèé. Wọn ò tíì sọ ìgbà tí mo tún lè sáìn, mi ò sì bi wọ́n. Wọ́n ní Ayọ̀kúnlé wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, ó ń ta sólà. Pásítọ̀ Adépọ̀jù kì í da òróró mọ́ kí wọ́n tó béèrè pé, "Ṣé ẹnu la ó fi lò ó?"

Dókítà sọ pé etí òsì Bọ̀dá Ìdòwú ò ní gbọ́ràn mọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ omi mọ́ láyé. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe báyìí. Wọ́n máa ń yà lọ́dọ̀ wa bí wọ́n bá wá sí Àkúrẹ́. Tí wọ́n bá ti dé, mo máa ń gbé ìjókòó mi lọ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn kí n tó kí wọn.